Afẹ́fẹ́ Ojú Ọ̀nà àti Owó Epo Bọ́ọ̀sì Ìwé Wa

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣètò bí bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ń wọ̀ yóò ṣe rí kò fi ti afẹ́fẹ́ ṣe, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá wọn wí. Ní ọdún 1939, Frank Cyr, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, pe àwọn olùkọ́, àwọn aláṣẹ ètò ìrìnnà àti àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ jọ sí Yunifásítì Columbia ní ìlú New York, wọ́n sì fẹnu kò sórí àwọ̀ tí gbogbo ọkọ̀ náà yóò máa ní àti àwọn ìwọ̀n tí ẹni tó bá ń ṣe é yóò tẹ̀ lé. Ààbò ọmọdé ni wọ́n ń wá: kí ara ọkọ̀ le, kí ó hàn láti òkèèrè, kí ọmọ lè dìde dúró nínú rẹ̀, kí ó sì jáde kíákíá. Ọkọ̀ tó ń dúró lẹ́nu ilé kan dé òmíràn ní òwúrọ̀ kì í sáré débi tí afẹ́fẹ́ yóò fi yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá la òkun kọjá, tó di tòkúńbọ̀, tí a yọ àga inú rẹ̀, tí a sọ ọ́ di ilé-ìkàwé alágbèéká, tí a sì ń fi í na ọ̀nà Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìyára kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ojú pẹrẹsẹ tí wọ́n fún un yóò di ohun tí a ń san owó lé lórí ní gbogbo ilé epo.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, la jọ ni bọ́ọ̀sì náà. À ń gbé ìwé lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ilé-ìkàwé ní Ìṣẹ́yìn, Ẹ̀rúwà, Ọ̀yọ́ àti àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà wọn. Kò sí èrè owó nínú iṣẹ́ náà, nítorí náà gbogbo náírà tí a kò bá ná sórí epo dísù ni a lè fi ra ìwé, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ mí lógún tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, bẹntiróòlù ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Epo dísù ti wà lọ́jà láìní ìrànwọ́ kankan tipẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé, kí ọdún yẹn sì tó parí, lítà kan ti kọjá 1,000 náírà. Ẹ́ńjìnì International DT466 ló wà nínú ọkọ̀ wa, onísílíńdà mẹ́fà, lítà 7.6, ọkọ̀ tó tóbi báyìí sábà máa ń fi lítà kan rin kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin péré.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe mọ̀ kí ó tó ránṣẹ́ pe ajórin ni pé afẹ́fẹ́ kì í gba iye kan náà lọ́wọ́ ọkọ̀ níbi gbogbo. Ìyára ló ń pinnu rẹ̀. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn yóò di ìlọ́po mẹ́rin, iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ṣe ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti borí rẹ̀ yóò sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Bọ́ọ̀sì wa fẹ̀ tó mítà 2.4, ó sì ga débi pé gbogbo ojú tó fi ń kọ lu afẹ́fẹ́ tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin méje. Afẹ́fẹ́ tí a rò pé kò wúwo yìí, mítà kúbíìkì rẹ̀ kan ní Ìbàdàn fi díẹ̀ ju kílógíráàmù kan lọ. Bí a bá ń lọ ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ tó lé ní kílógíráàmù 150 la ń tì kúrò lọ́nà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ọkọ̀ oní-tọ́ọ̀nù mẹ́wàá tó ní ojú bíi ti bọ́ọ̀sì wa: ní ìyára yẹn, afẹ́fẹ́ ń gba agbára ẹ́ńjìnì bíi kílówáàtì 28, táyà tó ń yí lórí ọ̀dà sì ń gba bíi 17. Ní kìlómítà 100, ti afẹ́fẹ́ fò sókè sí bíi 55, nígbà tí ti táyà kò ju bíi 22 lọ. Ní kìlómítà 30, ti afẹ́fẹ́ kò tó kílówáàtì méjì.

Ìyára kìlómítà 30 yìí sì ni ọkọ̀ ńlá ń rí lò ní ọ̀pọ̀ ibi láàárín ìgboro Ìbàdàn. Láti Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀, ní Challenge ní ìrọ̀lẹ́, tàbí nígbà tí a bá ń ti Bẹẹrẹ gun Òkè Mápó, ẹni tó bá náwó sórí bí ọkọ̀ rẹ̀ yóò ṣe máa gé afẹ́fẹ́ ti náwó síbi tí kò sí ìṣòro. Ìwúwo ọkọ̀ àti ìjánu ló ń jẹ epo níbẹ̀. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ oní-tọ́ọ̀nù mẹ́wàá bá sáré dé kìlómítà 50 tí a sì tẹ ìjánu kí ó dúró pátápátá, gbogbo agbára tí ẹ́ńjìnì kó sínú ìrìn rẹ̀ ti di ooru lára ìjánu. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà méjìlá, nǹkan bíi lítà epo kan ti lọ. Ìwé sì wúwo ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Rímù kan ti bébà A4 onígíráàmù 80, tí ewé rẹ̀ jẹ́ 500, wọn kílógíráàmù 2.5. Nítorí èyí, a yọ àwọn pẹpẹ irin tí a kọ́kọ́ fẹ́ lò kúrò nínú ètò, a lo pílíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ẹsẹ̀ àlúmíníọ̀mù, a sì ń kó ìwé tó yẹ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń lọ lọ́jọ́ náà nìkan. Ìyókù ń wà nílé ní Akóbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, nítorí ó fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan rí gbogbo ìwé tí a ní, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀ ìwé tí a gbé lọ tí a sì gbé bọ̀ láìsí ẹni tó ṣí i ti jẹ epo lálọ, ó tún jẹ ẹ́ lábọ̀.

Bí a bá ti kọjá Mọ́níyà tí ọ̀nà sì là, ọ̀rọ̀ ń yí padà. Ibẹ̀ ni iwájú ọkọ̀ ti ń sanwó tàbí kí ó jèrè. Àwọn àgbà tó ti wọ dánfó Volkswagen rí, Kómbì tí iwájú rẹ̀ rí roboto, ti jókòó nínú ẹ̀rí ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Kómbì fún títà ní ọdún 1950, wọ́n gbé àwòṣe rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ dán nǹkan wò ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú Braunschweig ní Jámánì. Òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń kọ afẹ́fẹ́ jẹ́ 0.75 fún àwòṣe tí ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ. Wọ́n pín gíláàsì iwájú sí méjì kí ó lè ṣe ṣóńṣó díẹ̀ láàárín, wọ́n yí etí òrùlé po, òǹkà náà sì já wálẹ̀ sí 0.44. Èyí dára ju ti ọkọ̀ Ìjàpá lọ, tó jẹ́ 0.48, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjàpá ló dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ yóò yọ̀ lára rẹ̀. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí púpọ̀, nítorí ó fi hàn pé kò dìgbà tí ọkọ̀ bá ní imú gígùn bíi ti bàálù. Ohun tó ń pa epo ni igun mímú, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè tẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ mọ́, tó sì já kúrò tó ń yí kiri lásán.

Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1973, Edwin Saltzman, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní ibùdó NASA, àjọ ìwádìí òfúrufú Amẹ́ríkà, tó wà ní aṣálẹ̀ California, ń gun kẹ̀kẹ́, ó sì kíyè sí bí afẹ́fẹ́ àwọn tírélà tó ń kọjá ṣe ń tì í tó sì tún ń fà á. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọkọ̀ ìkẹ́rù àtijọ́ kan, wọ́n fi páànù àlúmíníọ̀mù bò ó títí ó fi di àpótí onígun, wọ́n wọn ìdènà afẹ́fẹ́ lára rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn igun náà po ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n yí ti òòró àti ti ìbú po tán, ìdènà náà ti fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ààyè ẹrù tí wọ́n sì pàdánù kò tó nǹkan. Ara ọ̀pọ̀ tírélà tó ń kọjá ní Ìbàdàn lónìí ṣì wà bíi ti àpótí àkọ́kọ́ yẹn.

Bọ́ọ̀sì tiwa ní bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú, nítorí náà afẹ́fẹ́ kì í gbá gíláàsì rẹ̀ lójú tààrà bíi ti èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà nínú. Òkè gíláàsì ni ìṣòro wà, níbi tí òrùlé ti yọ síta pẹ̀lú àwọn ilé iná ìkìlọ̀ tó yí i ká. A yọ àwọn iná wọ̀nyí. A yọ pátákó pupa tó máa ń nà jáde láti dá ọkọ̀ mìíràn dúró, a yọ ọ̀pá gígùn tó wà lára bọ́ńpà, a sì yọ àwọn dígí roboto iwájú tí awakọ̀ fi ń wo ọmọdé tó bá ń kọjá lábẹ́ imú ọkọ̀. Àwọn dígí ẹ̀gbẹ́ tó wúlò fún awakọ̀ kò sí nínú ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Páńẹ́lì-bítà wa dí gbogbo ihò tó ṣẹ́ kù pẹ̀lú páànù, ó sì fi fàíbà mọ ètè òkè gíláàsì náà po títí tó fi rọra dàpọ̀ mọ́ òrùlé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an. Ẹni tí kò mọ bí ọkọ̀ náà ṣe rí tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ pé a fi nǹkan kan kún un.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà wá nímọ̀ràn pé kí a gé òrùlé kí a sì gbé e sókè, bí àwọn tó ń sọ irú ọkọ̀ yìí di ilé ní Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe. Mo kọ̀ ọ́. Bí a bá fi sẹ̀ǹtímítà 45 kún gíga ọkọ̀ tó fẹ̀ tó mítà 2.4, a ti fi ojú tó ju mítà onígun mẹ́rin kan lọ kún méje tó wà nílẹ̀, èyí sì súnmọ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a óò máa san owó rẹ̀ títí láé kí àgbàlagbà méjì má baà tẹrí ba díẹ̀. Àwọn ọmọ tí à ń gbé ìwé lọ fún kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ní ti páńẹ́ẹ̀lì sólà, a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí òrùlé, a kò gbé e dúró láti kọjú sí oòrùn, a sì fi páànù gígùn kan darí afẹ́fẹ́ sókè níwájú rẹ̀ kí ó má baà wọ abẹ́ rẹ̀ kí ó máa lù ú. A fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, nítorí ooru ń dín iná tó ń mú wá kù. Páńẹ́ẹ̀lì yìí ti gba epo sílẹ̀ lọ́nà tí mi ò retí pé yóò tó bẹ́ẹ̀: ẹ́ńjìnì bọ́ọ̀sì tó wà ní ìdúró lójú kan tó ń kùn lè mu nǹkan bíi lítà méjì ní wákàtí kan, a kò sì tún nílò láti tan án nítorí fáànù àti iná ìkàwé nígbà tí àwọn ọmọ bá wà nínú ọkọ̀.

Abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti ní ìyàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń ṣe lókè òkun. Wọ́n máa ń fi páànù gígùn bo ẹ̀gbẹ́ láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára tírélà wọn, ṣùgbọ́n páànù tó bá súnmọ́ ilẹ̀ ní ọ̀nà tiwa, pẹ̀lú kòtò, gegele àti gọ́tà tí a ń là kọjá kí a tó wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, yóò ya láàárín oṣù mélòó kan. Àpótí irin la ní kí ajórin ṣe fún wa, èyí tí ojú rẹ̀ bá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dọ́gba. Bátìrì sólà wà nínú ọ̀kan, irinṣẹ́ àti jáàkì wà nínú èkejì, afẹ́fẹ́ sì ń kọjá lára wọn láìwọ àárín àwọn irin abẹ́ ọkọ̀. A kò dí iwájú ibi tí epo jíà ti ń tutù. Jíà ọtọmátíìkì Allison AT545 tó wà nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ọdún 1990 sókè kò ní ohun tó ń so ẹ́ńjìnì mọ́ ọn tààrà nígbà tí ọkọ̀ bá ti wọ ìyára rẹ̀. Epo jíà ni ó ń gbé agbára kọjá láàárín wọn nígbà gbogbo, ooru sì ń ti ibẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó wá dí ọ̀nà atẹ́gùn mọ́ irú jíà bẹ́ẹ̀ yóò ra jíà mìíràn.

Afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú ẹ́ńjìnì náà ní tirẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá ń kún fíltà kíákíá, ẹ́ńjìnì dísù tí kò bá sì rí afẹ́fẹ́ tó yóò máa tu èéfín dúdú, èyí tó jẹ́ epo tí a ti sanwó rẹ̀ tí kò jó tán. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n gbé fíltà lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kí ó fi afẹ́fẹ́ líle fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ líle yẹn ń lu bébà inú fíltà ní ihò tí ojú kò lè rí, eruku yóò sì gba ibẹ̀ wọlé lọ máa ha sílíńdà àti tọ́bò. Ní tèmi, fíltà tuntun la ń rà ní ọjà àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate nígbà tí ọyẹ́ bá dé àti nígbà tó bá lọ.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀gá mẹkáníìkì wa wà, àgbàlagbà tó ti ń tún ọkọ̀ dísù ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì fún ìgbà díẹ̀, ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

“Tíṣà, ẹ gbọ́ bí fáànù yìí ṣe ń han. Kò sinmi rárá. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnì ti gan, kò lè tú u sílẹ̀ mọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé ìyẹn náà ń mu epo ni?”

“Ó ń mu ún dáadáa, ọmọ mi. Ẹ́ńjìnì ló ń yí i. Ó yẹ kó dúró nígbà tí ooru kò bá pọ̀, kí afẹ́fẹ́ ọ̀nà máa ṣe iṣẹ́ náà fún un.”

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Fáànù ńlá bẹ́ẹ̀ lè gba agbára ẹṣin tó ju mẹ́wàá lọ bí ó bá ń yí ní kíkún, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó máa gbà á nígbà tí ọkọ̀ ń sáré tí afẹ́fẹ́ sì ń tú wọ radiétọ̀ fúnra rẹ̀. Ó pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì náà, ó fọ ẹrẹ̀ àti kòkòrò kúrò lára radiétọ̀, ó sì fi fóòmù dí àlàfo tó yí i ká kí afẹ́fẹ́ tó bá ti gba iwájú wọlé má baà rí ibòmíràn yà sí. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe, èyí ni mo rò pé ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀ ńlá nílùú yìí yẹ kó kọ́kọ́ ṣe, kí ó tó ronú kan fàíbà àti páànù.

Fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀, fèrèsé la ń ṣí nígbà tí a bá ń rọra lọ, a sì ń tì í ní ọ̀nà márosẹ̀, kí a lo àwọn ihò òrùlé tí ẹnu wọn kọjú sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá lórí òrùlé ń fa ooru inú ọkọ̀ jáde láti ibẹ̀. Fèrèsé ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ ṣí nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì onígun jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yí po padà sínú, ó sì lè fa èéfín sàlẹ́ńsà wọlé sórí àwọn tó jókòó.

Ẹ̀yìn onígun yìí kan náà ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, a kò sì tíì fọwọ́ kàn án. Àwọn páànù tó tẹ̀ wọnú díẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ lè dín ìfàsẹ́yìn náà kù, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn pàjáwìrì wà níbẹ̀, mi ò sì ní gbà kí ohunkóhun dí i. Bí a bá rí ọ̀nà tí páànù náà yóò fi máa ṣí pẹ̀lú ilẹ̀kùn láìlọ́ra, a óò dán an wò pẹ̀lú pílíwúùdù ná.

Dídín ìyára kù nìkan ni kò ná wa ní kọ́bọ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé ẹ̀rọ tó ń dín ìyára kù fún àwọn ọkọ̀ akérò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016. Tiwa kì í ṣe ọkọ̀ akérò, síbẹ̀ a ti bá awakọ̀ wa ṣe àdéhùn kìlómítà 80. Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ súnmọ́ kìlómítà 100, nítorí náà bí ọ̀nà bá là gbọnrangandan, ẹni tó ń sá 100 yóò fi ìṣẹ́jú 15 ṣáájú wa, epo rẹ̀ yóò sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta ju tiwa lọ. Awakọ̀ wa jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì kọ́kọ́ rò pé ìtìjú ni kí dánfó máa kọjá lára òun, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi iye epo tí a kò rà hàn án nínú ìwé àkọsílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyára náà ju àwa fúnra wa lọ.

Àkọsílẹ̀ yìí nílò ìṣọ́ra. Ilé epo kan náà la ti ń kún táńkì dé ẹnu kí a tó lọ àti lẹ́yìn tí a bá dé, lọ-bọ̀ la sì ń wọ̀n pọ̀, nítorí ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ga ju ti Ìbàdàn lọ, afẹ́fẹ́ kì í sì í fẹ́ láti ìhà kan náà ní gbogbo ọdún. Ní àsìkò òjò, ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló ti ń wá, a óò rí i lẹ́yìn nígbà tí a bá ń lọ, a óò sì kọjú sí i nígbà tí a bá ń bọ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, ó ń ti ìlà-oòrùn àríwá wá, ọ̀rọ̀ náà sì yí padà. Bí afẹ́fẹ́ tó ń lọ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan bá kọjú sí ọkọ̀ tó ń lọ ní 80, lójú afẹ́fẹ́ ọkọ̀ náà ń lọ ní 100, ìdènà rẹ̀ sì ti fi ju ìdajì lọ pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń kọ ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ àti iye ìwé tó wà lórí pẹpẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lítà àti kìlómítà, tí a kì í sì í ṣe àtúnṣe méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Pílíwúùdù ẹ̀yìn yẹn, bí ó bá ṣe é ṣe, a óò wọ̀n ọ́n lásìkò òjò, a óò tún wọ̀n ọ́n lásìkò ọyẹ́, kí a tó fi owó páànù àlúmíníọ̀mù lé ajórin lọ́wọ́.